Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Olùkọ́ Tó Padà Jókòó sí Ìjókòó Akẹ́kọ̀ọ́

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ibi tí àgbà kan bá ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ọmọdé dànù ni a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, láti fi rọ àgbà náà pé kí ó tẹ́tí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó gẹ́gẹ́ bí òwe ìpẹ̀tù lásán. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rí i pé ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe náà kò sọ pé ọmọdé àti àgbà jọ gbọ́n, bí ẹni pé ọgbọ́n kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pe ọgbọ́n, ó sì fún oníkálùkù ní gbólóhùn tirẹ̀, kí ó lè hàn pé ohun tí ọmọdé mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àgbà mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá lo "fi", ọ̀rọ̀ tí Yorùbá máa ń lò fún irinṣẹ́: ọ̀bẹ ni a fi ń gé iṣu, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọgbọ́n oríṣi méjì yìí sì ni a fi dá Ifẹ̀. Lójú òwe yìí, ọgbọ́n gan-an ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo irinṣẹ́ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e ni.

Ìtumọ̀ yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó padà sí yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́ni mu. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí LASU, tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande, gómìnà ìgbà náà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọjọ́ lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kan kọjú sí òpópónà tó lọ sí Àgbádárìgì, tí òmíràn sì kọjú sí Ìbà. Olùkọ́ tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Okokomáíkò, tí ó wá gba ẹnu ọ̀nà LASU wọlé nítorí oyè másítà, àgbà ni nínú kíláàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ó dà ní ibi tí ó dé yìí. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba oyè àkọ́kọ́, tí ọwọ́ wọn yá lórí kọ̀ǹpútà ju tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ síbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń yí ìrònú olùkọ́ padà nígbà tí ó bá jẹ́ kí ó wọ òun lára.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń yí padà ni ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́ni" yóò rò pé ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà àti pùròjẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, ni. Àwọn onímọ̀ kò lò ó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí àti iṣẹ́ bí a ṣe ń mú kí ẹ̀kọ́ yéni, nípa dídá ọ̀nà àti ohun èlò tí ó bá iṣẹ́ mu sílẹ̀, lílò wọ́n àti bíbójú tó wọn; pátákó àti ẹfun wà lára rẹ̀, àwòrán tí olùkọ́ fi ọwọ́ yà wà lára rẹ̀, rédíò náà sì wà lára rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Ọjọ́ ju ibòmíràn lọ, nítorí pé Ọjọ́ náà ni ọjà Alábà wà, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹ̀rọ oníná tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń wá tí kò ní rí, tuntun tàbí àlòkù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń mú ọmọ mọ̀wé ni, àwọn ọmọ tí ń gbé nítòsí Alábà ni ìbá mọ̀wé jù ní gbogbo Nàìjíríà.

Ní ọdún 1983 kan náà tí wọ́n dá LASU sílẹ̀ ni Richard Clark, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó da omi tútù sí ọkàn àwọn tó gbà pé ẹ̀rọ lásán lè mú ẹ̀kọ́ yéni. Ó ní ẹ̀rọ dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó oúnjẹ wá sí ìlú: oúnjẹ ni ó ń ṣe ara lóore, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó gbé e wá. Robert Kozma dá a lóhùn ní ọdún 1994 pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán, pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè fi ohun tí ojú kò lè rí han akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀nà mìíràn kò sì lè ṣe irú rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí títí di òní, kò sì pọn dandan kí olùkọ́ yan ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ó ń jèrè níbẹ̀ ni pé kí ó tó na owó sí ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni ohun tí kò yé àwọn ọmọ gan-an.

Ẹ̀kọ́ kejì a máa dunni díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a ti máa ń rí àwòrán kan tó ṣóńṣó lókè bí òkòtó tí a dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé ènìyàn ń rántí ìdá 10 nínú 100 ohun tí ó kà, ìdá 20 ohun tí ó gbọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìdá 90 ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Edgar Dale ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n máa ń sọ pé ó ni ín. Lóòótọ́ ni Dale ya òkòtó náà sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1946, láti fi pín ìrírí láti orí èyí tí a fi ọwọ́ kàn dé orí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n kò fi nọ́ńbà kankan sí i; àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi nọ́ńbà náà kún un lẹ́yìn rẹ̀, láìsí ìwádìí kan tí ó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti ń fi nọ́ńbà wọ̀nyí kọ́ni láti ọdún pípẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà. Bí ó bá wá tú ìwé títí tí ó fi rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti kúrò ní ẹni tí ń gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde gbọ́, ó ti di ẹni tí ń béèrè orísun ọ̀rọ̀. Bóyá ni ohun kan wà nínú oyè másítà tí ó níye lórí ju èyí lọ.

Lẹ́yìn èyí ni yóò tó kan ìlànà tí wọ́n ń pè ní TPACK, tí Punya Mishra àti Matthew Koehler gbé jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n kọ́ lé orí iṣẹ́ Lee Shulman ti ọdún 1986. Shulman ti sọ pé mímọ iṣẹ́ kò tó láti fi kọ́ni, mímọ ọ̀nà ìkọ́ni nìkan kò sì tó; ìmọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti olùkọ́ nìkan, èyí tí ń jẹ́ kí ó mọ ibi tí iṣẹ́ kan ti máa ń dojú rú mọ́ ọmọ lójú àti àpẹẹrẹ tí yóò tú u. Mishra àti Koehler fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kún un, wọ́n sì ní ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni kí olùkọ́ dúró sí.

Èyí tí ó kan Ọjọ́ gan-an ni ìlànà tí wọ́n ṣẹ̀dá ní LASU fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, onímọ̀ nípa ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì tí wọ́n gba ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO ní ọdún 1992, tí wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ tó ń rí sí àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà láti ọdún 2001 sí 2006, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2015. Wọ́n pe àpèkúrú rẹ̀ ní CTCA, ìyẹn ọ̀nà ìkọ́ni tí ó so àṣà, ẹ̀rọ àti àyíká akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Wọ́n sì mú gbòǹgbò rẹ̀ láti inú èrò Kwame Nkrumah lórí àṣà, ti Martin Heidegger lórí ẹ̀rọ, àti ti Michael Williams lórí àyíká. Ìpele márùn-ún ni ó ní. Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, olùkọ́ yóò sọ àkọlé iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ, yóò sì ní kí wọ́n lọ wá ohun tí àṣà ilé wọn mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì wo ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì sọ. Bí wọ́n bá dé kíláàsì, wọn yóò pín sí ẹgbẹ́ kéékèèké, takọ tabo, èyí tó mọ̀wé àti èyí tí kò mọ̀ tó, wọn yóò gbé ohun tí wọ́n rí kalẹ̀, olùkọ́ yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ohun tó wà ní àyíká ilé ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ, tí yóò sì máa padà sí orí ohun tí àwọn ọmọ mú wá láti ilé, kí ó lè tọ́ èyí tí ó ṣì lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ bàọ́lọ́jì lórí bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń sọ oúnjẹ di kíkan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ kan yóò ti bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe fùfú, yóò sì ròyìn pé wọ́n máa ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi náà á sì máa hó. Níbí ni iṣẹ́ wà. Yorùbá ń sọ pé omi orí iná ń hó, pé ọṣẹ ń hó, pé ẹmu ń hó. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọmọ náà lè gbà tọkàntọkàn pé ooru kan wà nínú ẹ̀gẹ́ náà tí ó ń sè é. Olùkọ́ tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ kò ní mọ̀ láé pé àṣìmọ̀ yìí wà lọ́kàn ọmọ. Èyí tí ó gbọ́ ọ yóò ní kí wọ́n ti ọwọ́ bọ omi náà, wọn yóò sì rí i pé tútù ni. Ìgbà náà ni yóò wá ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò náà ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tú jáde ni ó ń hó, omi kíkan tí wọ́n ń ṣe ni a ń gbọ́ òórùn rẹ̀, àti pé rírẹ yìí náà ni ó ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Ìyá àgbà mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọmọ rí orúkọ májèlé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ so méjèèjì pọ̀.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé àṣà tí ń wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọmọ Ẹ̀gùn wà ní ojú òpópónà Àgbádárìgì, ọmọ Ìgbò tí òbí rẹ̀ ń tajà ní Alábà wà níbẹ̀, tí ohun tí ọmọ Àwórì pè ní fùfú sì ní orúkọ mìíràn nílé wọn. Olùkọ́ tí ó bá sọ àṣà di ti ilé tirẹ̀ nìkan ti ba ìlànà náà jẹ́.

Ìlànà yìí náà ní àgbà tó ṣíwájú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ bíbí Èkó, ni wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀, àjọ Ford Foundation sì ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti kọ ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá, kí wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ. Ìwé wọ̀nyẹn ni ẹ̀rọ ìkọ́ni tiwọn, kò sì gba iná mànàmáná.

Iná náà kò ṣeé gbójú fò dá. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ní ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé gbára lé, owó dátà ń ga ọ̀pọ̀ òbí lára, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama kì í sì í gba fóònù láyè nínú kíláàsì. Olùkọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́, lórí fóònù òbí tàbí ti ẹ̀gbọ́n, kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí ilé wọn súnmọ́ra sì lo ẹyọ kan.

Ìpele karùn-ún ìlànà CTCA ni ó kéré jù, òun sì ni ó ń dán olùkọ́ wò jù. Bí iṣẹ́ bá parí, olùkọ́ yóò kó kókó rẹ̀ jọ, kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 320 lọ, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì lórí WhatsApp tàbí gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Iye yìí jẹ́ ìlọ́po méjì 160 tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ ní Yorùbá gidi, tí ẹ, ọ tàbí ṣ sì wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò yí ọ̀nà tí ó ń gbà ka lẹ́tà padà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò sì ní gbà ju 70 lọ. Ohun tí ìbá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò di márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ yóò sì gòkè. Ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí yóò kàn bọ́ àmì sọnù, "hó" yóò sì di "ho" lójú ọmọ tó ń fi fóònù onítọ́ọ̀ṣì kà á. Ẹni tó kọ́ ọ yóò fi èyí tí ó ní àmì sórí WhatsApp, yóò sì dín ọ̀rọ̀ kù fún àwọn tó kù. Láti iṣẹ́ kejì lọ, kì í ṣe olùkọ́ ni yóò máa kọ ọ́ mọ́, àwọn olórí ẹgbẹ́ nínú kíláàsì ni. Ohun tí ọmọ bá sì fò nínú lẹ́tà 320 yẹn ni olùkọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé.