Akọ̀wé Ni Wọ́n Ní Àwọn Ń Wá: Ìtàn Àwọn Obìnrin Orí Ìtàgé Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò ni í pọn omi tó tòrò. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ tíátà, ẹrẹ̀ ni àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ dé odò bá. Àwọn ni wọ́n fara da ẹrẹ̀ náà títí omi fi tòrò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ̀kọ́ tíátà sì ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá mi kò tíì gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní ṣe alágbe.

Ibo ni ọ̀rọ̀ "alágbe" yìí ti wá? Kì í ṣe pé orin àti ijó ṣàjèjì sí obìnrin nílẹ̀ wa. Bí a bá ń ṣọdún Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́, tọkùnrin tobìnrin ní ń kọrin tí wọ́n ń jó, kò sì sí ẹni tí í sọ pé ọmọbìnrin tó jó ti ba orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́. Láàárín àwọn alárìnjò ayé àtijọ́ pàápàá, bí àwọn ọkùnrin ti ń gbé agọ̀, àwọn obìnrin ní ń gbe orin. Lójú tèmi, ọ̀nà jíjìn ni àwọn òbí ń bẹ̀rù, kì í ṣe ijó. Lọ́jọ́ ọdún, ojú bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jó, ilé wọn ni yóò sì sùn. Òṣèré orí ìrìn ní tirẹ̀, ìlú onílùú ni í sùn. Àwọn òbí á máa bi ara wọn pé: ta ni yóò fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ohun tí Hubert Ogunde bá pàdé nìyẹn. Ọmọ Ọ̀sọ́sà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1945, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tó pè ní African Music Research Party sílẹ̀. Ó fẹ́ gba àwọn obìnrin tí yóò máa sanwó oṣù fún, ó sì kéde pé òun ń wá obìnrin òṣèré. Kò sí ẹni tó jẹ́ ipè. Ó wá yí ohùn padà, ó ní akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Nígbà náà ni àwọn ọmọbìnrin tó yọjú. Ìgbà tí wọ́n dé ni ó ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun ṣeré.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Iṣẹ́ kan náà ni, owó oṣù kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá pè é ní akọ̀wé, ilé á gbà. Bí wọ́n bá pè é ní òṣèré, ilé á kọ̀. Nígbà tí àwọn òbí gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe gan-an, wọ́n fárígá. Ọ̀nà tí Ogunde gbé e gbà ni pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó. Báyìí ni "ta ni yóò fẹ́ ẹ?" ṣe rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn: orúkọ ọkọ ló bo ti wọn mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wa mọ Ogunde. Mélòó ló lè dárúkọ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọ̀kan. Clementina Oguntimirin ni, ẹni tí a wá mọ̀ sí Adéṣẹ̀wà Ogunde. Ní ọdún 1947, òun àti Ogunde wọkọ̀ lọ sí London láti wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe tíátà, wọ́n sì kọ́ ijó níbẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ogunde nítorí eré *Yorùbá Ronú*. Ọmọ Adó-Èkìtì wa, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ni ìjọba rẹ̀ mú òfin náà kúrò ní 1966. Ní 1970, Adéṣẹ̀wà kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Ogunde fi eré *Àyànmọ́* ṣèrántí rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè sọ pé ìbẹ̀rù àwọn òbí jẹ́ ti òmùgọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń bẹ̀rù náà ló pa á.

Ní Èkìtì tiwa, Òkèmẹ̀sí ni wọ́n bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí ní 1925. Olùkọ́ ni kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí tíátà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Péjú Ògúnmọ́lá, náà di òṣèré. Ẹ ò rí i pé ayé ti ń yí? Iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ń yẹra fún ní 1945 ti di iṣẹ́ tí ọmọbìnrin ń jogún lọ́wọ́ bàbá.

Tẹlifíṣọ̀n ló tún mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, òṣèré lè wọ yàrá ìgbàlejò wa láìjẹ́ pé ó sùn ní ìlú wa. Àwàdà ló sì mú kí a fẹ́ràn wọn jù. Lánre Hassan bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Òjó Ládípọ̀, Bàbá Mẹ́rò. Ìyá Àwẹ̀ró ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Ìdòwú Philips ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bọ́ sídìí eré nínú ẹgbẹ́ Òṣùmàrè. Àwọn là ń pè ní Ìyá Ràìnbò. Ẹ kíyè sí orúkọ wọ̀nyí. Obìnrin tí wọ́n ní kò ní rí ọkọ, òun ni tọmọdé tàgbà wá ń pè ní Ìyá.

Lónìí, òkìkí náà ti dé òkè òkun. Ní 2024, Gbemisola Ikumelo gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó ṣeré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n dára jù, nítorí ipa rẹ̀ nínú *Black Ops* ti BBC. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ gangan ni wọ́n fi pè é jáde, ní ilẹ̀ tí Adéṣẹ̀wà lọ kọ́ ijó ní 1947.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ mi? Ó kọ́ mi pé ìbéèrè àwọn òbí wa tọ̀nà: ibo lo máa sùn, ta ni yóò dáàbò bò ọ́, ṣé orúkọ rẹ ò ní bàjẹ́? Ṣùgbọ́n ìdáhùn 1945 kọ́ ni ìdáhùn òní. Yunifásítì wà ní Adó-Èkìtì, òmíràn wà ní Ọ̀yẹ́, tí a ti lè gba oyè nínú ẹ̀kọ́ tíátà, tí a sì wà nítòsí ilé. Mo rọ ẹ̀yin òbí kí ẹ bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yín fi orúkọ iṣẹ́ mìíràn bo èyí tó wù ú, bí wọ́n ti fi "akọ̀wé" bo "òṣèré" láyé ọjọ́un. Bí mo bá fẹ́ kún fọ́ọ̀mù JAMB, tíátà ni mo fẹ́ kọ sí i, kí bàbá mi sì mọ̀ pé òun ni mo kọ.