Òfin Ló Gbé Kẹ̀kẹ́ Oníná Dé Títì ní Ṣáínà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àìpẹ́ yìí ni kẹ̀kẹ́ oníná dáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Ogden Bolton, ará Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì iná rẹ̀ wà láàárín táyà ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná ṣì ń gbé e sí títí dòní. Síbẹ̀, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, Ṣáínà lèyí sì ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé òfin ìrìnnà àti ètò ilé gbígbé ló tú u sílẹ̀ níbẹ̀, ju ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Nígbà kan rí, ibi iṣẹ́ ló ń fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìlú ńláńlá Ṣáínà nílé, nínú ọgbà kan náà tàbí nítòsí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà tó wọn. Ní ọdún 1998 ni ìjọba fòpin sí ètò náà. Oníkálùkù wá ń fowó ara rẹ̀ ra ilé, àwọn ilé tuntun sì ń jìnnà sí àárín ìlú. Ọ̀nà gùn, bọ́ọ̀sì ń kún àkúnya, apá ọ̀pọ̀ ò sì ká ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Alùpùpù ì bá gba ipò náà, bí ọ̀kadà ṣe gbà á lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Beijing, Shanghai àti àwọn ìlú mìíràn ti ń fi nọ́ńbà du alùpùpù elépo nítorí èéfín àti jàǹbá. Ní ọdún 1999 ni ìlànà ìjọba jáde pé kẹ̀kẹ́ oníná kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 20 lọ ní wákàtí kan, kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 40 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé fẹsẹ̀ wà. Òfin ìrìnnà ọdún 2003 kà á mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán: ẹni tó gùn ún kò nílò láísẹ́ńsì awakọ̀, ó sì lè gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ tipẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni àrùn SARS mú kí ẹ̀rù bọ́ọ̀sì máa ba àwọn ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n tà ní 1998 kò ju bíi 40,000 lọ; ní 2005, ó ti tó mílíọ̀nù 10.

Ẹnìkan lè ní bátìrì tó dára sí i ló fà á. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé ni púpọ̀ jùlọ nínú wọn ń lò, irú èyí tí Gaston Planté ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1859. Ní Jàpáàn, Yamaha ti gbé kẹ̀kẹ́ tó já fáfá jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 1993, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mọ bí agbára ẹsẹ̀ ṣe tó kó tó ṣèrànwọ́, síbẹ̀ ọjà rẹ̀ kò sún mọ́ ti Ṣáínà rárá. Ẹ tún wo Guangzhou, tó ka kẹ̀kẹ́ oníná léèwọ̀ ní 2006. Ẹ̀rọ kan náà, owó kan náà, àmọ́ ẹni tó gùn ún jáde níbẹ̀ di arúfin.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ìrọ̀rùn òfin yìí pa àwọn ènìyàn lára. Òtítọ́ ni. Májèlé òjé pọ̀ débi pé ìjọba ti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bátìrì pa ní 2011, iná tó sì sọ níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ oníná sí nísàlẹ̀ ilé kan ní Nanjing ní oṣù Kejì ọdún 2024 pa ènìyàn 15. Ikú wọn dùn mí, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ohun tó fi hàn ni pé òfin náà kò tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ dé inú ilé, níbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì ní ṣáàjì.

Èkó náà lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, iná ìjọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé lóru. Kùtọnu àti Lọmé ti rí ọgbọ́n dá sí ti iná: àwọn ọlọ́kadà oníná ibẹ̀ ń pààrọ̀ bátìrì tó ti tán ní ibùdó, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó dá dúró ló yẹ kí Èkó kọ́kọ́ ṣe, kó tó ní kí òṣìṣẹ́ lọ ra kẹ̀kẹ́.