Àwo Tí A Kì Í Sá

Ọ̀rọ̀ méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò lónìí: àwo àti sá.

Àwo oúnjẹ ni àwọn baba ńlá wa mọ̀ kí àwo orin tó dé. Nígbà tí ó dé, ìrísí rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ kan náà. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Nígbà tí ó yá, owó kòkó gbé ẹ̀rọ giramafóònù dé àwọn abúlé tí ó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà òní.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà lè ṣini lọ́nà. Bí a bá ní kí ọmọ fọ àwo, kànrìnkàn ni yóò mú. Bẹ́ẹ̀ ni, ní abúlé kòkó, oòrùn ni a ń sá ohun tútù sí: kòkó, èlùbọ́, aṣọ. Mo bá àwo àpàlà kan pàdé ní abúlé kan ní Lágelú, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sì sá sórí ẹní. Ó ti ká. Abẹ́rẹ́ ń fò lórí rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ olórin kò sì gbọ́ sétí mọ́.

Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi, èyí tí a ń pè ní shellac, wà nínú àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Ọtí líle a máa yọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má fi ògógóró nù ún. Àwo vinyl ńlá, tí Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n ooru ni ọ̀tá rẹ̀.

Bí a ó ti fọ vinyl nìyí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi tútù, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, ní títẹ̀lé ìlà rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án. Omi kànga a máa fi èérí funfun sílẹ̀ nínú ìlà bí ó bá gbẹ, nítorí náà omi tí a sè, tí a sì gba ooru rẹ̀ di omi padà, ni ó dára jù ní ìkẹyìn. Ẹ gbé e nàró ní ibòòji títí yóò fi gbẹ tán. Bí ẹ bá tì í bọ àpò ní tútù, yóò bu.

Kí ni ó mú mi, onímọ̀ èdè, sọ èyí? Ní 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni òwe, oríkì àti ohùn àwọn tí ó ti kú wà. Ìwé lè tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò lè tọ́jú bí wọ́n ti pè é. Bí ẹ bá dé ilé bàbá àgbà, ẹ wá àwo wọ̀nyí kàn. Ẹ fọ̀ wọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ má sá wọn.