Ilé Ẹ̀kọ́ Ẹlẹ́yẹlé: Bí Yunifásítì Ìbàdàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó bá dé Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, tí ó rí àwọn ilé ńláńlá àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ ogun fi sílẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, owó ìjọba àti owó ẹbí ni ó sì gbé àwọn ọmọ ibẹ̀ dúró.

Kí ọdún 1948 tó dé, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá, tí ìjọba amúnisìn ṣí ní ọdún 1934, ni ibi gíga jù lọ tí ọmọ Nàìjíríà lè kàwé dé láìrékọjá òkun. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí Yábàá kò níyì lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń kà á sí. Ìbínú lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934 kan náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè kò ju ẹ̀kọ́ tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti òyìnbó lọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábàá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn, lábẹ́ ọ̀gá àgbà wọn, Kenneth Mellanby. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ni fi èyí sọ́kàn: 49 nínú wọn ni ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ibi tí àwọn ológun tí ó gbọgbẹ́ ti ń gbàtọ́jú nígbà ogun ni ó di ibi ìkàwé. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tó bu ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní ibùdó tí yunifásítì wà títí di òní.

Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ wọn, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń gbà. Èyí mú ìtìjú Yábàá kúrò, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fojú tẹ́ḿbẹ́lú irú oyè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn ní ohun tí ó kan nínú: ènìyàn lè fi èdè Látìn gba oyè, kò lè fi Yorùbá gbà á. Nígbà tí Kenneth Dike dé ní ọdún 1950 láti kọ́ni ní ìtàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún un pé kí a ka ìtàn àtẹnudẹ́nu sí ẹ̀rí tí ó ṣeé gbára lé.

Ta ni ó ń sanwó? Chinua Achebe wọlé ní ọdún 1948 pẹ̀lú ìrànwọ́ owó-ẹ̀kọ́ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan ó yí padà sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn, ìrànwọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ̀ǹda owó tí ìbá fi lọ sílé kí àbúrò rẹ̀ má baà pa ìwé tì. J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, náà kàwé ní Ìbàdàn. Kí ó tó débẹ̀, owó Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ni ó gbé e dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì ní ọdún 1940. Ní ọdún 1972, ó di gíwá Yunifásítì Èkó.

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà Ìbàdàn há. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé ni kò ráyè wọlé. Ní ọdún 1959 ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Ashby kalẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ náà. Nsukka ṣí ní ọdún 1960, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó tẹ̀ lé e ní ọdún 1962. Ọdún yìí náà ni Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ilé tí kò lẹ́wà kò dí ìmọ̀ lọ́wọ́. Àìrówó san àti àìráyè wọlé ni ó ń dí i. Ìlú tí ó bá fẹ́ ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ dá owó rẹ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.