Níbo Ni Máàkù Parí Ìwé Rẹ̀ Sí?

Nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa níbí ní Àgọ́-Ìwòyè, arákùnrin kan fi Máàkù 16:18 kéde pé májèlé kankan kò lè ṣe onígbàgbọ́ ní nǹkan kan. Mo ní ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pé Máàkù ló kọ ẹsẹ náà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ fa Bíbélì ya ni.

Rárá o. Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ àná. Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì méjì ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, parí sí ẹsẹ 8, níbi tí ẹ̀rù ti ba àwọn obìnrin. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà, Eusebius ará Kesaréà sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dà tó péye dúró sí. Àmọ́ Irenaeus ti fa ẹsẹ 19 yọ ní nǹkan bí ọdún 180. Nítorí náà, ní tèmi, ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an.

Ní 1881, Westcott àti Hort tẹ Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì jáde, wọ́n sì fi ẹsẹ 9 sí 20 sínú àkámọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, odindi Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe wàhálà lé lórí jáde. Àwọn ẹsẹ náà wà nínú rẹ̀.

Mo ní kí arákùnrin wa ka ẹsẹ 1, kó tún ka ẹsẹ 9. A ti dárúkọ Màríà Magidaléénì ní ẹsẹ 1. Kí ló dé tí ẹsẹ 9 tún ń ṣàlàyé ẹni tó jẹ́, bí ẹni pé a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì dá mi lóhùn.