Ọjọ́ Orí Àṣìṣe: Orin Gbajúmọ̀, Ìtàn àti Èrò Ọkọ̀ ní Ìwó Road

Ní gáréèjì Ìwó Road ní ìlú Ìbàdàn, orin kì í sinmi. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ a máa pẹ́ kó tó kún, awakọ̀ a sì máa fi orin mú èrò dúró. Awakọ̀ ló ń yan orin. Èrò ló ń túmọ̀ rẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, bàbá àgbàlagbà tó jókòó tì mí gbọ́ orúkọ Adégòkè Adélabú nínú orin tó ń lọ lọ́wọ́, ó sì kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé orí márosẹ̀ yìí ni wọ́n ti pa á?" Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, márosẹ̀ kò tíì sí nígbà náà." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Inú orin la ti gbọ́ ọ."

Ìdáhùn yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Orin tí awakọ̀ fi sí i kò dárúkọ márosẹ̀ rárá. Bàbá yìí ló fi kún un. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ohun tí orin wí àti ohun tí òun fi kún un ti di ọ̀kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, kí ni òpìtàn yóò fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe? Àṣà wa ni pé kí a tún un ṣe, kí a sì kọjá. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe inú orin, tàbí èyí tí olùgbọ́ gbé wọ inú orin, ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Bí a bá wá ọjọ́ náà rí, àṣìṣe náà di ẹ̀rí. Bí a bá kàn gé e dànù, a ti sọ ẹ̀rí nù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ Adélabú múlẹ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Ó jẹ́ alága Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1954, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní 1955, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní 1956 lẹ́yìn ìwádìí tí Nicholson ṣe lórí ìgbìmọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló di olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ Túsìdeè, 25 oṣù Kẹta, ọdún 1958, ọkọ̀ tó gbé e láti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn forí sọ ọkọ̀ mìíràn nítòsí Òde-Rẹ́mọ. Oníṣòwò kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà kò kú. Adélabú kú, ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Ojú ọ̀nà àtijọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí àwọn ọkọ̀ Ìwó Road ń gbà lónìí, kò di ṣíṣí títí di ọdún 1978. Ogún ọdún gbáko ló wà láàárín ikú náà àti ọ̀nà tí bàbá yìí gbé e sí.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá náà sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn méjì ló wà nínú rẹ̀: pé orí márosẹ̀ ni, àti pé ńṣe ni wọ́n pa á. Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Àhesọ pé àwọn alátakò ló pa Adélabú kò dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Wọ́n kọlu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àṣìṣe ọdún 1958 nìyẹn. Àwọn tó gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà kò ní àǹfààní láti dúró gbọ́ àlàyé. Ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn wọn, àwọn àti Action Group sì ti ń fa òṣèlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Ti márosẹ̀ kò lè dàgbà ju 1978 lọ. Ẹni tó bá gbé ikú Adélabú sórí márosẹ̀ ń sọ fún wa, láìmọ̀, pé ìtàn náà ṣì ń yí padà lẹ́nu àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọ̀nà àtijọ́ tì, pé ọ̀nà tó ń pa ènìyàn lójú ayé tiwọn ni wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọn kò rìn mọ́. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road lọ sí Èkó mọ bí ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ṣe máa ń jẹ yọ lẹ́nu èrò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Alessandro Portelli, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kọ ìwé kan tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 lórí ikú Luigi Trastulli, òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Terni. Àwọn ọlọ́pàá ló pa á ní oṣù Kẹta ọdún 1949, níbi ìwọ́de tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ta ko wíwọ ẹgbẹ́ NATO. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó bá Portelli sọ̀rọ̀ gbé ikú náà sí ọdún 1953, nígbà tí iléeṣẹ́ lé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dànù tí ìjà sì wáyé ní ìgboro. Wọn kò gbàgbé. Wọ́n gbé ikú náà lọ síbi tí ó ti ní ìtumọ̀ fún wọn. Mo rò pé bàbá Ìwó Road àti àwọn òṣìṣẹ́ Terni yóò gbọ́ ara wọn yé.

Ó tọ́ kí n fi èyí kún un: Adélabú fúnra rẹ̀ ti jẹ àǹfààní àṣìṣe etí. Ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó túmọ̀ sí rúdurùdu tó ṣàjèjì. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ "pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì". Ọ̀rọ̀ náà di ìnagijẹ rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Ta ni yóò wá sọ pé kí a gé ìyẹn dànù nítorí pé kì í ṣe ohun tó wí?

Àpẹẹrẹ mìíràn ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù wá, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ní 1973, Ebenezer Obey gbé àwo kan jáde tó dá lórí ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti ẹranko kan tí wọ́n jọ ń lọ, tí aráyé kò yéé dá wọn lẹ́jọ́ bí ó ti wù kí wọ́n ṣe é. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ẹranko náà nínú orin, orúkọ yẹn náà sì ni ará ìlú fi ń pe orin náà títí di òní. Ṣùgbọ́n àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sára páálí àwo náà pè é ní ẹṣin.

Ẹnìkan lè ní kí ló tún kù, ẹranko sáà ni ẹranko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà ti rin ìrìn àjò gígùn kó tó dé ilẹ̀ wa: Ibn Said ti kọ ọ́ lédè Lárúbáwá ní ọ̀rúndún kẹtàlá, La Fontaine sì fi kún ìwé àlọ́ rẹ̀ lédè Faransé ní 1668. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ẹranko náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹranko ẹrù ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tó gùn ún kò di ènìyàn ńlá nítorí rẹ̀, ẹni tó sì ń fà á láìgùn ún lè di ẹni ẹ̀sín. Lórí àìníláárí ẹranko yìí ni àlọ́ náà dúró lé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀wẹ̀, ẹṣin jẹ́ ti ọba, ti ìjòyè àti ti jagunjagun. Ẹṣin ló gbé agbára Ọ̀yọ́ ró ní pápá. Nínú igbó, àìsàn kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní i níbẹ̀ ti fi owó hàn. Bí bàbá bá gun ẹṣin tí ọmọ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. Ìyẹn ni pé bí a bá gba àkọlé náà gbọ́, ẹ̀sùn aráyé sí bàbá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, ìtàn náà sì tú palẹ̀.

Àṣìṣe yìí náà ní ọjọ́ àti ibùgbé: ọdún 1973, ojú páálí àwo, èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò wọ inú orin. Ẹni tó ra àwo náà ní Dùgbẹ̀ lọ́dún yẹn tó sì gbé e sílé kò ní ìṣòro, nítorí etí rẹ̀ gbọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òde òní ni ìṣòro dé, nítorí àkọlé ni a fi ń wá orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkọlé náà sì ni àwọn aṣèwádìí tí kò gbọ́ Yorùbá ń kọ sínú ìwé. Mo ti ka iṣẹ́ tó gbé ìtumọ̀ lórí iyì ẹṣin ka orí orin yìí. Òǹkọ̀wé náà kò gbọ́ orin. Páálí ló kà.

Títí di ìsinsìnyí, mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ló ní òótọ́, tí orin sì ní àṣìṣe. Ọ̀ràn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kò jẹ́ kí n lè dúró lórí ìyẹn. Ní 18 oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, èyí tó ń pè ní Kàlákútà, wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní 13 oṣù Kẹrin, ọdún 1978. Nínú orin tó gbé jáde ní 1979, Fẹlá ní ẹgbẹ̀rún kan sójà ló wá. Àwọn òǹkọ̀wé ti ń tún iye yìí kọ bí iye gidi láti ìgbà náà.

Kò sí ẹni tó dúró ka sójà lọ́jọ́ yẹn. Pidgin ni Fẹlá fi kọrin, ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọgbọ́n ìṣirò Yorùbá sì wà nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀: nígbà tí a bá dárúkọ igba irúnmọlẹ̀ ọ̀tún àti igba ti òsì, a kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kà wọ́n. Síbẹ̀, àlàyé èdè nìkan kò tó. Ẹ wo ọjọ́ tí iye náà jáde. Kí orin tó dé, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Kalu Anya ṣe alága rẹ̀ ti jábọ̀, èyí tó sì gbajúmọ̀ jù nínú àbọ̀ náà ni pé sójà kan tí a kò mọ̀ ni a di ẹ̀bi iná náà lé lórí. Sójà kan! Orin Fẹlá fi gbólóhùn yẹn ṣe àkọlé, ó sì fi ẹgbẹ̀rún dá a lóhùn. Ìjọba dín àwọn òṣìkà kù títí wọ́n fi di ẹnì kan tí kò lórúkọ. Olórin sọ wọ́n di púpọ̀ títí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ pé òun kò rí wọn. Nínú àṣìṣe méjèèjì yìí, ti inú ìwé ìjọba ló ṣe ìpalára jù. Nígbà tí ẹjọ́ tí ìdílé náà pè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1985, ìdájọ́ ibẹ̀ ni pé lábẹ́ òfin tó wà nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà, a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òpìtàn tó bá fi àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà tún orin ṣe, láì fi orin yẹ àbọ̀ náà wò, ti yan ẹni tí yóò gbàgbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Karin Barber ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkì Òkukù, tó jáde ní 1991, pé ẹyọ ọ̀rọ̀ láti oríṣiríṣi ìgbà ló ń jókòó pọ̀ nínú oríkì kan náà, láìsí ẹni tó tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ rí bákan náà. 1958 àti 1978 jókòó sínú gbólóhùn kan, wọn kò sì bá ara wọn jà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èyí kò tètè yé mi. Kí n tó pàdé bàbá náà, akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì kan ti gbé orí kejì iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n pa Adélabú lójú ọ̀nà márosẹ̀. Orin tó gbọ́ ní Ìwó Road ló fi ṣe ẹ̀rí. Mo fi bírò pupa gé e, mo kọ ọdún 1978 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú mi sì dùn sí ara mi. Kì í ṣe ohun kékeré ni gbólóhùn rẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, lórí àwọn òkú tí àwọn ọmọ wọn ṣì wà láàyè, nípa ikú tí àwọn mìíràn ti torí rẹ̀ kú. Kò yẹ kó dúró bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n gígé tí mo gé e kò sọ fún un ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún èmi náà.

Lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, mo ní kó dá gbólóhùn náà padà sínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe bí ìtàn ikú Adélabú, bí kò ṣe bí ohun tí àwọn èrò ń sọ. Ó padà sí gáréèjì, ó sì ń bi àwọn àgbà awakọ̀ léèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nígbà náà. Àwọn tó ti ń wakọ̀ kí márosẹ̀ tó dé ń dárúkọ Òde-Rẹ́mọ. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń nawọ́ sí márosẹ̀.