Alpha Kappa Alpha: àmì àti àṣà ẹgbẹ́ àwọn obìnrin

Alpha Kappa Alpha, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní AKA, ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú tó pẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà nínú àwọn tó ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ. Yunifásítì Howard, nílùú Washington, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1908. Ethel Hedgeman ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ.

Ẹni tó bá ti dá aṣọ ẹgbẹ́ rí ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́ nílùú Èkó, yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọ̀ pínǹkì àti àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ní Alímọ̀ṣọ́, aṣọ tí a fi ṣe ọdún Àjíǹde kì í bá wa dé Kérésì. Tiwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ewé ivy, ìtàkùn tó ń gun ògiri, ni àmì wọn. Péálì 20 sì dúró fún obìnrin 20 tí wọ́n ń kà sí olùdásílẹ̀: 16 tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àti mẹ́rin tó forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ìtàn àwọn mẹ́rin yìí ló dùn jù. Ní 1912, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ pa orúkọ, àwọ̀ àti àmì rẹ̀ dà. Nellie Quander, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, tó ti kàwé jáde, yarí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 1913, òun àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti forúkọ AKA sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn 22 tó fẹ́ ìyípadà ti bá tiwọn lọ lọ́jọ́ 13 oṣù yẹn. Wọ́n dá Delta Sigma Theta sílẹ̀, aláwọ̀ pupa àti kírímù. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó pàdánù níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ẹgbẹ́ inú yunifásítì máa ń mú wá sọ́kàn, èyí tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 dè. Ètò ìgbàwọlé AKA jẹ́ àṣírí lóòótọ́, ìyà sì ti jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun rí, débi pé ní 1990 àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú fòfin de ọ̀nà ìgbàwọlé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán ni wọ́n ń wọ àwọ̀ wọn. Ohùn òkè ni wọ́n fi ń ké "skee-wee" síra wọn. Kamala Harris, tó wọ ẹgbẹ́ náà ní Howard lọ́dún 1986, fi péálì sọ́rùn lọ́jọ́ tó búra fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2021.

Bí ẹ bá rí aṣọ tó ní lẹ́tà AKA lára obìnrin kan, ẹ má béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan.